Obì Tí Wọ́n Pa Níwájú Kámẹ́rà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Òrè, ẹ ní kí n wá jókòó síwájú yín, kí n sọ bí iṣẹ́ eléré ṣe rí, torí pé àwọn kan nínú yín fẹ́ fi jẹun. Mo wá. Mo jókòó. Bí mo ṣe rí ojú yín báyìí, gbogbo ohun tí mo ti tò sínú orí dà rú. Mo kàn ń sọ pé, "Iṣẹ́ dáadáa ni, ẹ ṣáà máa gbàdúrà." Nígbà tí mo délé, ojú tì mí. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ọmọ mi máa kọ ọ́ bí mo ti ń sọ ọ́. Bí ẹ bá kà á tán, tí ẹ kò sì mọ̀ bóyá kí ẹ ṣe é ni mo ní àbí kí ẹ má ṣe é, ẹ má bínú sí mi. Èmi náà kò mọ̀.

Ọmọ́wùnmí lorúkọ mi, ọmọ Akíntádé, ará Odìgbó. Àwọn òbí yín mọ̀ mí sí Àrìnọlá, ọ̀rẹ́bìnrin Lájídé, tó wá di ìyàwó Lájídé, nínú eré ọ̀sán tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n láyé ìjọba ṣọ́jà. Ó dé ìgbà kan tí mo bá ń lọ lọ́jà, tí wọ́n bá pe Ọmọ́wùnmí, n kì í wẹ̀yìn. Bí wọ́n bá pe Àrìnọlá, ọrùn mi á ti yí kí n tó mọ̀.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gùn. Bàbá mi ti kú, ìyá mi ń dáko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Omifúnfun, mo sì ń bá a yan gàrí. Ẹgbẹ́ eléré Ọ̀gá Akínṣípẹ̀ wá ṣeré ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ wa ní Odìgbó, ibà dá ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wọn dúbúlẹ̀, wọ́n wá ń wá ọmọbìnrin tí yóò kàn jókòó ti òkú ọkọ rẹ̀ kó máa sunkún. Wọ́n ní kí n ṣe é. Mo sunkún débi pé ìyá mi fò gun orí pèpéle, ó gbá mi mọ́ra, ó ní, "Ta ló lù ọ́? Ta ló fọwọ́ kàn ọ́?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ẹ fún mi lọ́mọ yìí kí n kọ́ ọ níṣẹ́." Owó tí wọ́n ń san kò tó ohun tí à ń sọ, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá Akínṣípẹ̀ kúrú, ohùn rẹ̀ sì ju ara rẹ̀ lọ. Ó pẹ́ tí mo fi ń fọ aṣọ eré, tí mo ń gbálẹ̀, tí mo ń se oúnjẹ, tí mo ń gbé àpótí, kí ó tó fún mi ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ. Nígbà tó sì fún mi, ahọ́n mi di ẹjọ́. Ìkálẹ̀ ni mo fi mu ọmú. Ọwọ́ ni mò ń pè ní "ọghọ́". Bí mo bá ti pè é bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá á ju èkùrọ́ lù mí. "Ará Èkìtì ń gbọ́ ẹ! Ará Àkókó ń gbọ́ ẹ! Ṣé gbogbo wọn ló wá láti Odìgbó?" Èkùrọ́ ń dun ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo kọ́ ọ. Ìgbà tí mo wá padà lọ kí ìyá mi, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ó ní, "Ìwọ ta ni?"

Ẹkún ni Ọ̀gá fi ń dán ènìyàn wò. Ó ní ojú kọ́ ló ń sunkún, ikùn ni, ojú kàn ń jíṣẹ́ ni. Ìyẹn kò ṣòro fún mi. Ẹni tí kò lè ṣe é láéláé ni Gbádébọ̀, ọmọ Ìrèlè, tó ń ṣe Lájídé. Ọkùnrin rèé tó gùn, tó dúdú, tó jẹ́ pé bó bá ní "ẹ kú ọ̀sán" lásán, àwọn obìnrin á máa wo ara wọn. Ṣùgbọ́n omi kò lè jáde lójú rẹ̀. Ó máa ń fún omi àlùbọ́sà sára áńkáṣíìfù, yóò wá fi nu ojú, ojú á sì pọ́n. Ọ̀gá a máa bú u. "Alálùbọ́sà! Ọjọ́ tí ìyá rẹ bá kú ńkọ́, ọjà ni wàá kọ́kọ́ yà?" Gbádébọ̀ á rẹ́rìn-ín. Inú kì í bí i. Gbogbo wa pátá ló wá ń pè é ní Alálùbọ́sà. Bí ó bá jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì, òórùn ọbẹ̀ ni yóò máa ta sí mi nímú.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n gbà wá, ìlú ti le. Ìjọba ní ká fún ṣòkòtò mọ́ra, ká máa ṣún nǹkan lò. Téèpù tí wọ́n fi ń ya eré kò sí lọ́jà. Ọ̀kan náà ni wọ́n ń lò: wọ́n á ya ti òní, wọ́n á gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́sàn-án, wọ́n á nù ún nù, wọ́n á fi ya ti ọ̀la. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí bí ẹ ṣe lè wá Àrìnọlá tí ẹ máa rí i. Kò sí níbì kan mọ́.

Kò sí ìwé eré pẹ̀lú. Ọ̀gá á sọ ìtàn fún wa nínú bọ́ọ̀sì, àwa fúnra wa la ó sì wá ọ̀rọ̀ tí a ó sọ. Òfin kan ṣoṣo ló gbé ka ilẹ̀: bí kámẹ́rà bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dúró. Kò sí téèpù tí a ó fi tún un ṣe. "Bí ilé bá ń jó," ló máa ń wí, "máa sọ̀rọ̀ lọ." Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ wọ ààrin eré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìdí aṣọ mi. Mo ní, "Lájídé, o rí i? Ewúrẹ́ àwọn ìyá rẹ pàápàá kò fẹ́ mi." Wọ́n ní ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn tó wo eré lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọ̀gá kò yìn mí. Ó kàn fún mi ní ẹran nínú àwo rẹ̀. Ẹ kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ sí mi.

Ẹ máa rántí òfin yẹn. Òun ló gbé mi dé ibi tí mò ń lọ.

Ní àsìkò náà, mo ti ní ẹni tí mò ń fẹ́. Olúmidé ni, mẹkáníìkì tó ń tún bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa ṣe ní ìkóríta Òrè. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí mo bá gun alùpùpù rẹ̀ kọjá níwájú àwọn olóúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà Èkó sí Bìní, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. "Àrìnọlá! Lájídé mọ̀ pé o wà níbí?" Wọ́n á kọjú sí Olúmidé, "Bọ̀dá, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run o, àfẹ́sọ́nà ẹni ẹlẹ́ni ni." Òun á ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó máa ń dùn mí, ó tún máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, n kò mọ èwo ló pọ̀ jù.

Àwọn ènìyàn ń yọ Ọ̀gá lẹ́nu pé kí Lájídé gbé Àrìnọlá níyàwó, ìfẹ́ náà ti pẹ́ jù. Ó gbà. Ó ní ìdána gidi lòun fẹ́, kì í ṣe ti ojú ayé. Ó ní agbo ilé wa ní Odìgbó la ó ti ṣe é, àwọn àgbà ẹbí mi gan-an ni yóò sì ṣe àgbà ẹbí Àrìnọlá, torí eléré kan kò lè ṣe wọ́n bí wọ́n ti rí. Iṣu, epo, oyin, iyọ̀, obì, orógbó, kò sí èyí tí ẹgbẹ́ lè rà nínú wọn. Ìyá mi ní, "Ìyẹn náà lẹ torí ẹ̀ dúró?" Ó lọ wa iṣu lóko rẹ̀, ó gbé epo rẹ̀ jáde, àwọn ìyàwó ilé mú ìyókù wá. Iná kò sí, Olúmidé gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wá láti Òrè, ó gbé e sẹ́yìn ilé, ó jókòó tì í.

Bàbá Lóyè ni olórí ẹbí wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, alàgbà nínú ìjọ. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣe é bí ẹ ṣe máa ń ṣe é gan-an. Ẹ má fo nǹkan kan."

Bàbá ní, "Gan-an?"

"Gan-an ni, Bàbá."

Bàbá wò ó títí. "Ó dáa. Ìwọ lo sọ ọ́ o."

Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀. Gbádébọ̀ àti àwọn tó ń ṣe ẹbí rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá bi í pé ṣé ó gbà mí, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní, "Mo gbà á." Bàbá gbé obì àbàtà sókè, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fi Ìkálẹ̀ ń sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe àwa tí a wà níbẹ̀ ni wọ́n ń bá sọ. "Akíntádé, àbúrò mi, gbọ́ o. Ọmọ́wùnmí, ọmọ tí o fi sílẹ̀ lọ, a ti fi í fún Gbádébọ̀ lónìí. Má sùn lé e lórí. Lórúkọ Jésù."

Ọmọ́wùnmí! Gbádébọ̀! Àrìnọlá dà? Lájídé dà? Mo fi igun ojú wá Ọ̀gá. Ó ń fi ọwọ́ ṣe fún mi lẹ́yìn kámẹ́rà pé kí n máa lọ, kí n máa lọ. Mo ní, "Àmín."

Bàbá pa obì náà. Obì náà yàn dáadáa, àwọn àgbà hó yèè. Wọ́n pín in, kálukú jẹ. Wọ́n ní kí wọ́n má gbàgbé ẹni tó ń bẹ nídìí ẹ̀rọ lẹ́yìn ilé. Wọ́n mú ti Olúmidé lọ bá a. Olúmidé gba obì, ó dúpẹ́, ó jẹ ẹ́.

Nígbà tí iṣẹ́ oko kòkó rọlẹ̀ díẹ̀, Olúmidé kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tọrọ mi. Bàbá Lóyè gbà wọ́n lálejò, wọ́n fún wọn lómi, wọ́n bi wọ́n léèrè ọ̀nà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ délẹ̀, Bàbá ní, "Ẹ kú ìrìnàjò. Ọmọ náà ti lọ́kọ."

Mo rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Mo ní, "Bàbá, eré mà ni."

"Eré tí a fi obì tòótọ́ ṣe?"

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi pe orúkọ mi? Àrìnọlá ló yẹ kí ẹ pè."

"Ṣé kí n máa purọ́ fún òkú?" Wọ́n dá mi lóhùn bí ẹni tí mo bú. "Akíntádé mọ Àrìnọlá? Mo pè é, ó gbọ́, obì yàn. Kí n tún wá pè é lónìí pé àwáàdà ni mò ń ṣe fún un lọ́jọ́ yẹn? Kí ó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́run?" Wọ́n yíjú sí Olúmidé. "Ìwọ gan-an, o jẹ nínú obì náà. Ẹlẹ́rìí ni ọ́."

Olúmidé wo ọwọ́ tó fi gba obì náà. Ó jẹ ẹ́ lóòótọ́.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, láti inú ikùn wá. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé bí mo ti ń sunkún, àwọn ìyàwó ilé ń wo ojú mi, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé, "Ẹ ò rí i bó ṣe ń ṣe é!"

Mo pe Ọ̀gá wá. Òun náà bẹ̀bẹ̀. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n sọ ọ́ síwá sẹ́yìn. Ẹnì kan ní kí ẹbí kàn dá ẹrù ìdána padà fún ọkọ, kí ọ̀rọ̀ tán. Ẹlòmíràn ní ta la máa dá iṣu padà fún? Ìyá ìyàwó ló ni iṣu, ìyá ìyàwó ló jẹ iṣu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ìyẹn, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Níkẹyìn Ọ̀gá ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe eré ìkọ̀sílẹ̀. Ibi tí a ti so ó, níbẹ̀ náà la ó ti tú u, níwájú kámẹ́rà." Bàbá ronú sí i. Wọ́n ní ìyẹn bọ́gbọ́n mu, gbogbo ìpínlẹ̀ ló rí i nígbà tí a so ó, kí gbogbo wọn rí i nígbà tí a bá ń tú u. A dá ọjọ́.

Lọ́jọ́ náà, àwọn àgbà ti wọ aṣọ, wọ́n ti jókòó. Olúmidé ti tan jẹnẹrétọ̀. A ń retí bọ́ọ̀sì àwọn oníkámẹ́rà láti Àkúrẹ́, kò dé. Ìgbà tó yá, ẹnì kan sáré wọlé pé kí a tan rédíò. Orin àwọn ṣọ́jà la gbọ́, fèrè àti ìlù, kò sí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan ní wọ́n ti gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn ṣọ́jà tó wà níbẹ̀. Bàbá Lóyè bi mí pé, "Ṣé ara eré yín nìyí?" Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Àwọn tuntun tó dé sídìí tẹlifíṣọ̀n ní eré wa kì í kọ́ ará ìlú ní nǹkan, wọ́n fi ètò ọ̀gbìn sípò rẹ̀. Ọ̀gá Akínṣípẹ̀ fúnra rẹ̀ wá sọ fún wa ní Odìgbó. Ó jókòó lórí àpótí ìyá mi, ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀ débi pé èmi tí ó ń ju èkùrọ́ lù ní láti sún mọ́ ọn kí n tó gbọ́. Ó padà sí oko kòkó bàbá rẹ̀. Ẹgbẹ́ tú ká. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí Gbádébọ̀ gbà.

Mo wà ńlẹ̀, n kò sí nílé ọkọ, wọn kò sì gbà pé n kò lọ́kọ. Ibẹ̀ ni mo ti lóyún fún Olúmidé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bàbá Lóyè kò bá mi jà. Wọ́n kàn mi orí, wọ́n ní, "Ọmọ́wùnmí, gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tí obì rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa ló ni ọmọ. Bí a kò bá rí Gbádébọ̀ kí o tó bímọ, orúkọ Gbádébọ̀ ni ọmọ yẹn yóò jẹ́ nínú ẹbí yìí." Olúmidé gbọ́. Ó jáde lọ sẹ́yìn ilé, ó jókòó síbi tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí lọ́jọ́ ìdána.

Ohun tó gbà wá ni pé Òrè ni Òrè. Kò sí mọ́tò tó ń ti Èkó lọ sí Bìní tí kì í dúró jẹun níbẹ̀. Olúmidé bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbogbo awakọ̀ tó bá gbé mọ́tò wá fún un, "Ẹ bá mi rí Lájídé inú tẹlifíṣọ̀n?" Àwọn kan rò pé orí rẹ̀ ti yí. Oyún mi ti ń hàn gan-an nígbà tí awakọ̀ kan ní, "Lájídé? Òun ló máa ń pe èrò fún wa ní gáréèjì Bìní."

A lọ, èmi àti Olúmidé. Kí n tó rí i ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀. "Òrè! Ìjẹ̀bú-Òde! Èkó! Ẹnì kan ló kù!" Ohùn tí gbogbo obìnrin ìpínlẹ̀ ń torí rẹ̀ pa iṣẹ́ tì lọ́sàn-án. Ó ti rù. Nígbà tó rí mi, ó fi àwọn èrò sílẹ̀, ó wá bá wa. Ó wo oyún inú mi.

"Ṣé ọmọ Lájídé nìyẹn?" Ó rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín, òun náà sì dẹ́kun.

Olúmidé ló ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ ọ tán, kò bèèrè nǹkan kan, ó ní, "Bàbá ṣì wà láyé? Ó dáa. Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé mo máa ń pa eré jẹ ni?"

Ó wá. Ó wọ aṣọ kan tí mo mọ̀, aṣọ Lájídé ni. Àwọn àgbà ti jókòó. Kò sí kámẹ́rà, kò sí Ọ̀gá. Bàbá Lóyè ní, "Mo ti rò ó. Iṣu, tiwa ni. Epo, tiwa ni. Obì pàápàá, tiwa ni. Ohun kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí mú wá lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó ní òun gbà á. Kí ó dìde síbi tó dúró sí, kí ó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Kì í ṣe lórúkọ Lájídé o. Lórúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́."

Gbádébọ̀ dìde. Ó tún fìlà ṣe. Ó wò mí, ó la ẹnu. Kò sọ nǹkan kan.

Mo rò pé ó ń mú un gùn ni. Mo ń dúró. Ó ṣì dúró. Ọkùnrin tí a jọ ń ṣeré láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ewúrẹ́, òjò, ariwo kò dá dúró rí, ó dúró sójú agbo láìsọ ọ̀rọ̀ kan, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ kún. Omi ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ó mú áńkáṣíìfù jáde, ó fi nu ojú, ó ń dà síbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà rọra sọ pé, "Ó mọ̀ ọ́n ṣe o." Ìgbà náà ló wá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kéré, "Èmi Gbádébọ̀, mo yọ̀ǹda Ọmọ́wùnmí."

Bàbá ní, "Ó tó." Wọ́n mú obì mìíràn, wọ́n ní, "Akíntádé, má bínú, èmi náà ni mo tún pè ọ́," wọ́n ṣàlàyé fún bàbá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tòun ti tẹlifíṣọ̀n àti ṣọ́jà, wọ́n sì fi mí fún Olúmidé. Ìyá mi jó. Èmi ò lè jó. Ayọ̀ wà nínú mi, ohun kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayọ̀ náà tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Gbádébọ̀ kò dúró jẹun. Ó ní mọ́tò ń dúró de òun. Ó gbàgbé áńkáṣíìfù rẹ̀ sórí àga. Mo mú un bí ẹni tó fẹ́ lọ fọ ọ́, mo yà sẹ́yìn ilé, mo gbé e símú. Mo tún gbé e símú. Kò sí òórùn àlùbọ́sà níbẹ̀ rárá.

Bí a ti ń padà sí Òrè, Olúmidé bi mí lórí alùpùpù. "Wùnmí, ṣé eré ló ń ṣe?"

Mo ní, "Eré ni."

Ó ní ó dáa. A bí obìnrin, òun ló ń kọ èyí tí ẹ ń kà yìí, ó sì ti wò mí lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí mo ti ń sọ ibi tí mo ń sọ yìí. N kò rí Gbádébọ̀ mọ́.

Iṣẹ́ tún dé lẹ́yìn náà. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé, àwọn ọmọ tí n kò mọ̀ rí ń wá gbé mi ní Òrè láti lọ ṣe ìyá ọkọ, ìyá olókùú, ìyá àdúgbò. Lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, àwo pẹlẹbẹ. Lẹ́yìn àwo, fóònù ni wọ́n fi ń yà wá báyìí, èyí tó kéré ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Wọ́n á ní, "Mama, ẹ tún un ṣe." A ó tún un ṣe. "Mama, ẹ tún un ṣe." Mo ti sunkún kan náà títí ikùn mi fi gbẹ. Ọmọbìnrin kan fún mi ní ohun kan kí n fi pa ìsàlẹ̀ ojú kí omi lè jáde. Mo bú u. Mo ní, "Alálùbọ́sà!" Kò mọ ohun tí mò ń wí, èmi náà sì ní láti lọ jókòó fún ìgbà díẹ̀. Orúnkún ló lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe èmi ló fi í sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo délé láti ọ̀dọ̀ yín, mo wà nídìí ààrò, mò ń ro ọbẹ̀, Olúmidé jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Orí rẹ̀ ti funfun. Mo ń ṣàlàyé fún un pé n kò mọ ohun tí mo lè sọ fún àwọn ọmọ ìjọ. Ó gbọ́ mi tán. Ó wá ní, "Wùnmí, ọkùnrin yẹn, ṣé eré ló ṣe lọ́jọ́ yẹn?"

Lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí! Mo ní, "Olúmidé, n kò mọ̀."

Ó mi orí. Ó ní, "Èmi ti mọ̀ tipẹ́. Mo rí ọ nígbà tí o gbé áńkáṣíìfù símú." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Àmín tí o ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí mo wà lẹ́yìn ilé?"

Mo la ẹnu. Èmi tí Ọ̀gá kọ́ pé n kò gbọ́dọ̀ dúró, mo dúró. Mo wá ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá tí Ọ̀gá kọ́ mi, mo wá a nínú Ìkálẹ̀ tí ìyá mi fún mi, n kò rí i. Olúmidé wò mí títí, ó wá rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́.

Ó ní, "Lọ wo ọbẹ̀ rẹ, ó ń jó."